Máíkì Tó Bá Ohùn Télọ̀ Mu

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Elétí-Ehoro ló ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà. Etí rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: bí èèyàn bá fi èékánná ha ògiri nísàlẹ̀, á ké láti òkè pé kí onítọ̀hún rọra. Lọ́jọ́ Ajé kan, obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wá bá a. Ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀, ó sì bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

"Ọ̀gá, ohùn ọkọ mi ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà sílẹ̀. Télọ̀ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, orin nìkan ló kù tó ń ṣe."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà. Àwọn wo ló máa gbọ́ ọ?"

"Èrò ni. Ìta gbangba ni wọ́n máa wà. Wọ́n pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ."

Inú Elétí-Ehoro dùn ṣìnkìn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé iṣẹ́ ńlá wá fún un. Ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìpolówó ọṣẹ ló kù tó ń gbà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ bá ìyàwó rẹ̀ wá. Kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀, gìtá wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin mẹ́ta rí, àmọ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àga ni wọ́n padà ní kó máa bá àwọn tò. Ó dúró láàrin yàrá bí ọkọ ìyàwó, ó húkọ́ díẹ̀, ó gbé orin.

Elétí-Ehoro yọ hẹ́dífóònù kúrò létí, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ohùn télọ̀ ni. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí símẹ́ńtì, tí páànù náà sì ń bẹ̀bẹ̀.

Kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ó gbé máíkì àtijọ́ kan jáde nínú àpótí, èyí tó máa ń mú ohùn líle rọ̀. Ó gbé e jìnnà díẹ̀, ó gbé e ga ju iwájú orí télọ̀ lọ, kí èémí má bàa máa fẹ́ lù ú. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri kí yàrá má bàa dún padà. Télọ̀ tún orin gbé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ohùn èèyàn.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ, ó fajú ro.

"Ọ̀gá, ta nìyí?"

"Ọkọ yín ni, mà."

"Rárá o. Ẹ ti wẹ ohùn rẹ̀ mọ́. Èyí tó máa ń kọ nílé ni mo fẹ́. Èyí tó máa ń gúnni létí."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ rí i? Ó mọ ohùn mi dáadáa."

Elétí-Ehoro ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò. Ó gbé máíkì mìíràn wá, obìnrin náà mi orí. Níkẹyìn ó gbé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, èyí tó ń gbọ́ ohun gbogbo, títí kan itọ́ tí èèyàn bá gbé mì. Ó fẹ́ gbé e sí ibi tó jìn díẹ̀ sí télọ̀, àmọ́ obìnrin náà di òpó rẹ̀ mú, ó tì í títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eyín ọkọ rẹ̀.

"Ibí yìí."

"Mà, gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé o. Bó ṣe ń họ, bó ṣe ń ya."

"Kó wọlé."

Kò sẹ́ni tó bá Elétí-Ehoro sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn yẹn ló ń fẹ́ kó parọ́ fún àwọn. Ó rántí ìyàwó tirẹ̀, tó máa ń sá lọ sílé aládùúgbò bí òun bá ti súfèé. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ìfẹ́ rèé, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó wá páànù pẹlẹbẹ kan, ó gbé e ti ẹ̀yìn télọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè máa ta padà.

Nígbà tí télọ̀ dé ibi tó ga jù nínú orin náà, ohùn rẹ̀ là sí méjì, ìlàjì kọ̀ọ̀kan sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ife mì lórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ fò dìde.

"Ìyẹn! Ìyẹn gan-an! Ẹ fi ṣáájú, kó sì máa tún ara rẹ̀ kọ!"

Elétí-Ehoro ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Mà, ṣé àwọn èrò yìí á lè fara dà á?"

"Èmi tí mo ti ń fara da tiwọn ńkọ́? Ìdájí ni wọ́n ń dé, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n á jẹun, wọ́n á máa pariwo. Ó wá kàn wọ́n láti gbọ́ ọkọ mi."

Télọ̀ fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ yìí," ó wí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí obìnrin náà padà wá, tó ń rẹ́rìn-ín láti orí àtẹ̀gùn.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o! Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà!"

Obìnrin méjì mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn náà fẹ́ orin télọ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá Elétí-Ehoro lè mú un le sí i.

"Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi tóbi ju ti obìnrin yìí lọ," ó wí.

"Ẹ̀yin náà ń gbàlejò èèyàn ńlá, mà?"

"Wọ́n tóbi, wọn ò sì nítìjú."

Ìyàwó télọ̀ ní kí Elétí-Ehoro wá wò ó fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Lọ́jọ́ náà ó wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ó tọ ọ̀nà tí wọ́n júwe fún un títí dé òpin, kò sì bá pèpéle kankan níbẹ̀, kò bá àga, àfi oko ìrẹsì tó gbó dáadáa, tí sípíkà wà lórí òpó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, tí télọ̀ jókòó lábẹ́ agboòrùn láàrin rẹ̀, tó ń mi orí sí orin ara rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, láìsí ẹyẹ kan ṣoṣo ní gbogbo ojú ọ̀run.