Ajá Tí Awóníyì Fi Rọ́pò Kòsẹ́gbẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má fo ibì kankan. Ó ti pẹ́ tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń bí mi títí dòní.

1.

Ní ọdún 1956, ọkùnrin kan wà ní Ìwàrà, lẹ́bàá Iléṣà, Awóníyì lorúkọ rẹ̀. Ó ń dáko kòkó, ó sì ń ṣọdẹ. Ó ní ajá méjì tí ìyá kan náà bí lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì pupa, ẹsẹ̀ iwájú wọn sì funfun. Kòsẹ́gbẹ́ ló ń lé ẹran nínú igbó. Sùúrù ní tirẹ̀, ìdí ààrò ló ń sùn sí. Kòsẹ́gbẹ́ ni Awóníyì fi ń yangàn. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, ọ̀rọ̀ Kòsẹ́gbẹ́ ni yóò fi dá yín lóhùn.

Káńsù ní ilé kan ní Iléṣà tí wọ́n ń kó ajá tó ń rìn kiri àti èyí tó bá gé èèyàn jẹ sí. Cornelius ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ajá tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé káńsù gbọ́dọ̀ so páànù kékeré kan tó ní nọ́ńbà mọ́ ọrùn. Kòsẹ́gbẹ́ ní páànù tirẹ̀. Sùúrù kò ní, nítorí Awóníyì ní kí ni ajá ìdí ààrò fẹ́ fi páànù ṣe.

2.

Ìbíjọkẹ́, àbúrò Awóníyì, ìyá ọlọ́mọ méjì, wá bá a kó kòkó. Bó ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n, Kòsẹ́gbẹ́ bù ú jẹ lápá, láìṣẹ̀ láìrò. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ilé ìwòsàn sì ránṣẹ́ sí káńsù. Kí oòrùn tó wọ̀, Cornelius ti gun kẹ̀kẹ́ dé Ìwàrà.

"Bàbá ọdẹ, ẹ mú ajá yẹn wá lọ́la. Ọjọ́ mẹ́wàá la ó fi ṣọ́ ọ. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ fi pé, a jẹ́ pé kò ní dìgbòlugi, àbúrò yín kò sì ní gba abẹ́rẹ́. Bí ara rẹ̀ bá yí padà pẹ́nrẹ́n, lọ́jọ́ náà ni wọn ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ níkùn. Ẹ̀mí èèyàn ni à ń ṣọ́ yìí o."

"Mo gbọ́, akọ̀wé."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ Ìwàrà fẹ́ jáde pọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin sí i. Kí Kòsẹ́gbẹ́ wà látìmọ́lé, kí ajá ẹlòmíràn máa pẹran? Láéláé! Ó tú páànù lọ́rùn Kòsẹ́gbẹ́, ó so ó mọ́ Sùúrù lọ́rùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn ń bà mí," Ìbíjọkẹ́ wí.

"Ajá ulé wa kọ́? Fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan tí yóò ṣe ọ́."

3.

Lọ́jọ́ kejì, ní Iléṣà, Cornelius gba okùn ajá lọ́wọ́ Awóníyì. "Kòsẹ́gbẹ́!" Ajá kò wojú rẹ̀. Ó tún pè é, ajá ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri.

"Bàbá ọdẹ, ajá yín kò mọ orúkọ ara rẹ̀ ni?"

Awóníyì yára dáhùn. "Inú ló ń bí i. Ajá ọdẹ kì í dá àjèjì lóhùn."

Cornelius wo ajá títí. Ó wo páànù, nọ́ńbà rẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Ó tì í mọ́lé, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan sára ilẹ̀kùn fún ọjọ́ kìíní.

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, nínú igbó, Kòsẹ́gbẹ́ kò jẹun. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń bu igi jẹ. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: Awóníyì fọn fèrè títí, kò yíjú. Nígbà tó yíjú, olówó rẹ̀ ló kọlù. Awóníyì yìnbọn pa á kí ó tó bù ú jẹ, ó sin ín síbẹ̀, ó sọ fáwọn yòókù pé ejò ló bù ú ṣán.

Ọjọ́ kẹrin péré nìyẹn o! Abẹ́rẹ́ wà ní Iléṣà. Awóníyì tilẹ̀ gbéra, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ajá. Ó rí ilà mẹ́rin lára ilẹ̀kùn.

"Ẹ wá wo ajá yín?" Cornelius rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun dáadáa."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó rò pé àwọn ọdẹ yóò fi òun ṣẹlẹ́yà, ó rò pé wọn yóò pe òun ní òpùrọ́ láàárín ìlú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Mo ní kí n kàn kí yín ni."

Ó sì padà sílé. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, irú èèyàn wo nìyẹn?

5.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Cornelius fúnra rẹ̀ dá Sùúrù padà. Ìbíjọkẹ́ jó, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ojú ọgbẹ́ tó ti san bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Lẹ́yìn náà kò lè gbé omi mì mọ́. Bó bá tilẹ̀ rí omi nínú igbá, ọ̀fun rẹ̀ á fún pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Wọ́n ránṣẹ́ pe Awóníyì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Sùúrù ti tẹ̀ lé e wá, ó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, páànù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìbíjọkẹ́ rí páànù náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún mọ́. Ajá yín rèé, ara rẹ̀ le. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, ó ti kú. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀.

Awóníyì fẹsẹ̀ rìn lọ bá Cornelius, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò tún fọn fèrè mọ́ títí tó fi kú, kò sì sí ọdẹ tó tún pè é jáde. Cornelius ní tirẹ̀, láti ọjọ́ náà, kì í gba ajá kankan wọlé bí kò bá dáhùn orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ajá yín bá gé èèyàn jẹ, ẹ má pa á mọ́. Ẹ má fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ra iyì fún ara yín. Bí ẹ bá sì ti purọ́ pàápàá, ẹ dìde lónìí kí ẹ lọ sọ òtítọ́, nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì lè ran ẹni tí ajá gé jẹ lọ́wọ́. Gbogbo àgbà pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.