Wáàsí fún Ẹnì Kan Ṣoṣo

Lèmọ́mù mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó mọ ibi tó ti yẹ kí ohùn wálẹ̀ àti ibi tó ti yẹ kó gòkè, bó bá sì bi ìjọ ní ìbéèrè, á ka ení títí dé ẹ̀rin nínú ọkàn rẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wáàsí rẹ̀ ló mú kí alápatà kan tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe. Òun náà ló mú kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wó ògiri tí wọ́n mọ sáàárín ara wọn, tí ọkùnrin kan sì dá àkàbà aládùúgbò rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Aládùúgbò náà ti ra òmíràn. Ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Alàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, obìnrin àgbàlagbà kan wá bá a ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Ọmọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, awakọ̀ náà ń ṣe rífáàsì lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, kò wo ẹ̀yìn dáadáa, ó sì gba ọmọ ọdún méje kan. Ọmọ náà kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Látìgbà náà ni awakọ̀ ti wà látìmọ́lé. Adájọ́ ní bí bàbá àti ìyá ọmọ bá fọwọ́ sí ìwé ìforíjì kó tó di ọjọ́ Ajé, òun á jẹ́ kó máa lọ sílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún mẹ́wàá ni. Bàbá ọmọ ti fọwọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá ọmọ kò tíì fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀," ni ìyá awakọ̀ wí. "Á gbé àga fún mi, á fún mi lómi, kò ní sọ nǹkan kan."

"Èmi náà ti bá a sọ ọ́," ni Lèmọ́mù dáhùn.

"Ẹ sọ ọ́ lórí mímbárì, ẹ jọ̀ọ́. Ṣebí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló dá àkàbà yẹn padà? Ẹni tí kì í dá abẹ́rẹ́ padà!"

Lèmọ́mù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á gbìyànjú.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ ní pálọ̀. Obìnrin yìí ló máa ń gbọ́ wáàsí rẹ̀ kó tó di Jímọ̀, á sì bá a gé ibi tó bá gùn jù. Etí rẹ̀ mú ju ti gbogbo ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí lọ. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àlùfáà, bí àwọn ará ìta ṣe ń pè é.

Lèmọ́mù jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè. Ó sọ̀rọ̀ nípa sùúrù, àti nípa ilé tí Ọlọ́run ń kọ́ sí Àlùjánnà fún òbí tí ọmọ rẹ̀ kú.

"Gbogbo ẹni tó kí obìnrin yẹn ló ti sọ ìyẹn fún un," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó mọ iye yàrá tó wà nínú ilé náà."

Lèmọ́mù fa igi lé e, ó kọ òmíràn. Èyí fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, ó sì tún un bi lẹ́ẹ̀mẹta, bí ohùn ṣe ń gòkè: ta ni nínú wa tí kò fẹ́ ìforíjì Ọlọ́run?

"Ó dùn-ún gbọ́. Ìjọ á sunkún. Àmọ́ ẹkún ìjọ kọ́ lẹ̀ ń wá, Àlùfáà." Aṣọ ilé-ìwé kékeré kan ló kàn. Ó tẹ kọ́là rẹ̀ dáadáa, ó ká a, ó gbé e lé àwọn yòókù. "Ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló wa ọkọ̀."

"Kí ni kí n wá sọ?"

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Bàbá ọmọ yẹn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi fọwọ́ sí i. Ṣé kò dùn ún ni?"

Lèmọ́mù gbé bírò kalẹ̀. "Ó dùn ún."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

Lèmọ́mù ka ení títí dé ẹ̀rin. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ sọ ìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó kó aṣọ, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́sáláṣí kún dé ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Lèmọ́mù gun mímbárì láìmú ìwé dání. Ó ní bàbá ọmọ kan yára fọwọ́ sí ìwé nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bó bá di ọjọ́ kejì, òun ò ní lè ṣe é mọ́. Ó ní bàbá náà fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú kí bírò má baà jábọ́. Ó ní àràárọ̀ ló ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kó má baà kọjá níwájú ilé-ìwé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti ń yìn ín pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára.

Kò gbé ohùn sókè. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni forí jin ẹnikẹ́ni. Ó kàn dákẹ́ níbì kan tí ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ìjọ kò sunkún. Àwọn tó wà ní sàfù iwájú ń wo ẹní.

Lẹ́yìn ìrun, lọ́yà awakọ̀ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ní yàrá kékeré yẹn. Ìyá awakọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lèmọ́mù jókòó sórí àga.

Ẹni tó gbẹ̀yìn jáde lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni ìyàwó Lèmọ́mù. Ó wọlé, ó gba bírò lọ́wọ́ lọ́yà, ó sì buwọ́ lu ìwé náà níbi tí wọ́n kọ "ìyá olóògbé" sí, lábẹ́ ìbuwọ́lù ọkọ rẹ̀.