Orúkọ Tó Wà Nínú Bébà Hamid

Rahmah ló máa ń ka gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé fún ìyá rẹ̀, Rùkáyàt, nínú fúláàtì wọn ní Peckham. Ẹyọ kan péré ni ìyá fi pa mọ́. Dókítà ti ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un: àìsàn náà ti kọjá oògùn, oṣù mélòó kan ló kù. Rùkáyàt ká lẹ́tà náà sáàárín Kùránì rẹ̀. Oyún Rahmah ti wọ oṣù kẹjọ, ẹyin sì lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó di ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ kó tó sọ fún un.

Rahmah ń kọ iṣẹ́ yunifásítì lórí orúkọ àwọn èèyàn inú ìwé ìtàn àwọn Tsonga, ní ìhà gúúsù Áfíríkà.

"Mummy, àwọn writers yẹn ò kàn ń pick orúkọ o. Ohun tí ẹnu ò bá lè sọ, orúkọ ni wọ́n fi ń sọ ọ́."

"Ṣé tiwa wá yàtọ̀ ni?" Rùkáyàt rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ obìnrin, Mìsítúrà ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí orúkọ ìyá mi parun."

"Why not tiyín?"

"Háà! Kó o wá máa fi orúkọ ìyá ẹ jágbe mọ́ ọmọ? Nílé tiwa, ẹni tó bá ti lọ nìkan là ń fi orúkọ ẹ̀ sọmọ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Rahmah yá Kùránì náà láti ké e sí oyún rẹ̀. Bó ṣe dá a padà, Rùkáyàt sáré ṣí i. Lẹ́tà náà ṣì wà níbi tó ká a sí.

Bó bá ń lọ rí dókítà, á ní Surrey Quays lòun ń lọ, ọjà lòun fẹ́ rà. Rahmah máa ń fi ọwọ́ òfo tó bá dé ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Á kàn bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, á máa fi òróró pa á lẹ́sẹ̀. Rùkáyàt rò pé oyún ló sọ ọmọ òun di ọlọ́kàn tútù.

Rahmah bí obìnrin. Lọ́jọ́ kẹjọ, ilé kún. Hamid, ọkọ rẹ̀, na bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí sí Ààfáà. Rùkáyàt na ọrùn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ìrora. Bó bá ti gbọ́ Mìsítúrà báyìí, ó lè máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Rùkáyàt ni Ààfáà kà jáde. Rahmah ò sì wo ọmọ tó gbé sẹ́sẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò, ó ń sunkún.