Dẹ́rẹ́bà Tó Yẹ Ọkọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Wò Ní Ọjọ́ Ajé

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní awakọ̀ nínú ilé. Bí ẹ bá kà á dé àárín tí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan.

1.

Dẹ́rẹ́bà tírélà kan wà tó ń jẹ́ Ọba Títì. Òun ló fi ara rẹ̀ joyè o. Kò sí afọbajẹ kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ọjà táwọn èèyàn rà lórí fóònù láti ilé ìkẹ́rùsí kan lọ sí òmíràn: bàtà, ẹ̀rọ ìlọta, tẹlifíṣọ̀n, ìgò oúnjẹ ọmọ. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni. Tó bá débẹ̀, á já tírélà tó fà wá sílẹ̀, á so òmíràn mọ́ orí ọkọ̀ rẹ̀, á sì padà.

Kì í ṣe òun ló wá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ́rù nílé ìkẹ́rùsí àkọ́kọ́, ló bẹ ọ̀gá, òun náà ló ṣe onídùúró fún un. Ṣùgbọ́n lójú Ọba Títì, agbẹ́rù ni agbẹ́rù ń jẹ́. Tó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, á wo àna rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ yára, mi ò wá ṣeré." Ẹni tó bá a wá iṣẹ́, tó tún fún un láya, ló ń kí bẹ́ẹ̀!

2.

Níbi iṣẹ́ wọn, awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbéra láìyẹ ọkọ̀ wò. Á wo táyà, á wo bíréèkì, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ìkọ́ tó so tírélà mọ́ orí ọkọ̀ ti há dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò máàkì ìwé kan, tí yóò sì fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọba yìí ń ṣe? Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á jókòó sínú ọkọ̀, á na ẹsẹ̀ sókè, á máàkì ìwé gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti Ajé dé Ẹtì. Táyà dára. Bíréèkì dára. Ìkọ́ ti há. Tírélà tí kò tíì fojú kàn, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò! Àfi bíi wòlíì.

3.

Ní Ọjọ́rú kan, lọ́sàn-án gangan, ó ń jáde nílé ìkẹ́rùsí àkọ́kọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń ṣọ́ géètì, Ìyá Géètì ni wọ́n ń pè é. Òun náà ti wa tírélà fún ogún ọdún kí orúnkún tó dá a dúró. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo gbọ́ ìró kan nígbà tí ẹ fà á. Ó jọ pé ìkọ́ yẹn ò há. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọba Títì yọrí lójú fèrèsé. "Ìyá, orúnkún yín lẹ gbọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Orúnkún mi ń dún lóòótọ́," ni ìyá náà dáhùn, "àmọ́ ìyẹn ò lè pa èèyàn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ kúrò lọ́nà! Ẹni tí kò lè gun ọkọ̀ mọ́ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ó fọn fèrè mọ́ ọn, ó sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ibi ìkọ́ náà.

4.

Níbi tí ọ̀nà ti yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìkẹ́rùsí náà, orí ọkọ̀ yà, tírélà kò yà. Ìkọ́ tú. Tírélà forí sọlẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bàtà fọ́n ká, tẹlifíṣọ̀n fọ́ yángá. Ọkùnrin kan tó ń ti ibi oúnjẹ ọ̀sán bọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ há sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni.

Ìyá Géètì, tòun ti orúnkún rẹ̀ yẹn, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di itan ọkùnrin náà pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán. Ọba Títì ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló dúró sí, tó ń pariwo pé, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò o! Ó wà nínú ìwé!"

Wọ́n ní kó mú ìwé náà wá. Ó fi ìgbéraga gbé e wá. Ọ̀gá ṣí i: Ọjọ́rú wà níbẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì: Ọjọ́bọ̀ wà níbẹ̀. Ẹtì náà wà níbẹ̀, tòun ti ìbuwọ́lù.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọjọ́ wo ni òní?" ni ọ̀gá bi í.



5.

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Dókítà gé ẹsẹ̀ àna rẹ̀. Ẹ lè rò pé ìyà náà ti tó o. Kò tíì tó.

Ìyàwó rẹ̀ ti ọsibítù dé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá àwọn ọmọ wa, ẹ̀gbọ́n mi ò bínú sí yín. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, 'Ṣé àna mi ò fara pa?' Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kí i. Ẹ kàn sọ pé, 'Ẹ pẹ̀lẹ́.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí n lọ bẹ agbẹ́rù? Ta ló ní kó máa gba ibẹ̀ kọjá?"

Obìnrin náà dìde. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń sọ "ẹ" fún un. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ìwọ yìí!" Ó kó àwọn ọmọ méjèèjì, ó lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Títí di òní, ọkùnrin yẹn kò tíì lọ kí àna rẹ̀. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ṣoṣo, ó ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé òun ò jẹ̀bi. Wọn kì í dúró gbọ́ ọ.

Ìwọ tó ń ka èyí, má fọwọ́ sí ohun tí o kò tíì ṣe. Bí ẹni tó kéré lójú rẹ bá ní kí o dúró, dúró. Bí o bá sì ti ba nǹkan jẹ́, má jẹ́ kí "ẹ pẹ̀lẹ́" wúwo ju ẹrù tírélà lọ lẹ́nu rẹ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: àìfẹni pẹni, àìfèèyàn pèèyàn, ló ń mú ará oko sán bàǹtẹ́ wọ̀lú.