Ahọ́n Igi

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà kejì dé. Agbẹ́gilére kan kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó jókòó sójú fèrèsé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò bá wá fara hàn ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì kí oṣù tó parí, àwọn yóò ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ti kú.

"Kí wọ́n kà mí mọ́ wọn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ó kéré tán, ẹnikẹ́ni kì í fi lẹ́tà yọ òkú lẹ́nu."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Ẹtì ni oṣù máa parí."

"Mo gbọ́. Mi ò lọ. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn fọwọ́ kàn mí lójú gbogbo ayé. Ọ̀kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Àbúrò rẹ̀ fa okùn ìdíwọ̀n yọ nínú àpò, ó wọn ìbú àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lé, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà náà.

"Èyí náà lo tún fẹ́ gbé?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo. "O ti gbé tábìlì mi, o ti gbé àpótí mi, o yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Fi àga mi sílẹ̀ o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Tiyín kì í ṣe igi."

Bàbá Ẹ-gbé-e-wá ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn tó bá ti rí àga tó kán tàbí ibùsùn tó wó. Ó ti sọ àpótí di ẹyẹ rí. Ó ti sọ àkàbà di ọrùn ẹṣin. Ṣáájú ìyẹn, ogún ọdún ló fi ń yàwòrán ilé fún àwọn tó ń kọ́ ọ. Òun ló ya ọ́fíìsì tí lẹ́tà náà ti wá. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà fi gègé pupa fagi lé apá kan nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n ní yóò ba ẹwà iwájú ilé jẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n, ó bá wọn jà, ó rẹ̀ ẹ́. Ó kó gègé rẹ̀ jọ, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀gá tuntun ti dé sí ọ́fíìsì náà, ó sì fẹ́ iṣẹ́ ọnà síwájú ilé. Ó kó àwọn àga àtijọ́ tó kún yàrá ìkẹ́rùsí wọn fún agbẹ́gilére náà pé kó fi ṣe é. Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá náà wá wo iṣẹ́ náà. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Kí lẹ pe èyí, bàbá?"

"Ahọ́n."

"Ahọ́n ta ni?"

"Ahọ́n ilé yín. Ilé tí kò bá ní ahọ́n, báwo ló ṣe fẹ́ ní kí èèyàn máa wọlé?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ó gùn jù! Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà! Ó sì nà gbalaja bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Ẹ gbé e nàró díẹ̀, kí wọ́n lè máa rí i láti títì."

"Tó bá gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan, á lọ síwájú ní méjìlá. Bó ṣe máa wà nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká kùn ún kó máa dán, nígbà náà."

"Igi tó ń dán máa ń yọ̀."

"Ẹ ò sì ní jẹ́ ká gbé e sáàárín àgbàlá?"

"Ẹnu ọ̀nà ni orí rẹ̀ máa kàn." Orí pákó kan ló jókòó lé, ó ń yọ ẹ̀gún igi lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè. "Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí n tú u. Ó ti rẹ̀ mí."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ìwé ìpè síbi ayẹyẹ ọjọ́ Ẹtì ti jáde. "Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà yìí! Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tò ó sí ààyè rẹ̀. Agbẹ́gilére ní kí àwọn agbẹ́rù mẹ́rin gorí rẹ̀ kí wọ́n máa fò.

"Bàbá, ṣé ijó ni wọ́n máa jó lórí iṣẹ́ ọnà yìí ni?"

"Ẹ ṣáà fò."

Wọ́n fò. Kò mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fa aṣọ funfun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ nínú àpótí aṣọ.

"Ṣé o ti gbàgbé ohun tí mo sọ ni?"

"Iṣẹ́ mi ni mo ní kí ẹ wá wò. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn yín níbẹ̀, ẹ má pè mí ní àbúrò mọ́."

Obìnrin náà na ọwọ́ gba aṣọ náà. "Bá mi mú ìborùn mi wá," ló wí.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ náà títí oòrùn fi mú. Ó gé rìbọ́nù, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní ìgbì omi ni. Ẹlòmíì ní ọ̀nà ọ̀run ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Oníròyìn kan béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ́gilére.

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi," ló dáhùn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ti rí ìyá náà. Wọ́n ń ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ń bọ̀. "Ìyá, ẹ tún ti dé? Ẹ jẹ́ ká gbé yín…"

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn," ló wí, bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀.

Ó tú bíréèkì àga rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà méjèèjì gun orí Ahọ́n náà, ó gba orí tábìlì rẹ̀ àti ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ kọjá, títí ó fi dé òkè àtẹ̀gùn márùn-ún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gùn láti ọdún mẹ́jọ, ó wọlé lọ bá akọ̀wé, ó sì ní, "Wò mí dáadáa, ọmọ mi, mi ò tíì kú."