Omi Tí Ọ̀bọ Kò Mu

Àlọ́ mi já sétí odò méjì, ó bá Ẹtu abiyamọ. Májèlé wà nínú ọ̀kan. Ààfin ti yẹ̀ wọ́n wò, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ọ̀bọ, akọ̀wé ààfin. Ẹtu dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀bọ, ó ń kọrin:

Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi o.
Ègbè: Ẹ tètè sọ.
Odò wo ni ká mu o?
Ègbè: Ẹ tètè sọ.

"Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ló ń tètè wọlé," ni Ọ̀bọ wí. "Ọmọ tó ṣì ń sunkún kì í ṣe pàjáwìrì."

Ara fu Ẹtu pé Ọ̀bọ kò ní sọ ọ́. Ó lọ bu omi wá, ó kúnlẹ̀. "Ọ̀fun yín á ti gbẹ, bàbá. Omi odò ọ̀tún rèé."

Ọ̀bọ fò sẹ́yìn. "Gbé májèlé yẹn kúrò níwájú mi."

Ẹtu dúpẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ gba odò òsì lọ. Ibẹ̀ ni mo fi àlọ́ sí. Ọmọ ń mumi.