Ẹyin Tí Wọ́n Pa Láró

Ààlọ́ o! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àkùkọ agbéraga lórí.

Àkùkọ rí ẹyin aláwọ̀ aró níbì kan, ló bá ní ìyàwó tó bá yé ẹyin funfun kò gbọdọ̀ bá òun gbélé mọ́. Ó lé wọn sígbó, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ wọ́n tán. Àgbébọ̀, ìyálé wọn, tó sáré pa ẹyin funfun tirẹ̀ láró, nìkan ló kù. Ó ń sàba, ó ń kọrin:

Ọmọ mi, jáde o,
*Aró dùn ún wò!*
Ìyá ń pè ọ́ o,
*Aró dùn ún wò!*

Aró ba ẹyin jẹ́, gbogbo wọn di ọ̀bu.

Àkùkọ jágbe: "Ọmọ dà?"

"Olówó orí mi, àwọ̀ lẹ bèèrè, ẹ ò bèèrè ọmọ. Ẹyin tó di ẹ̀yin gan-an, funfun ni."